Ilẹ̀ Ọ̀nà Avrankou àti Ẹni Tó Fi Ohùn Rẹ̀ Polówó Rẹ̀

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí kò le lójú ẹnikẹ́ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin, ń ta ilẹ̀ lọ́nà Avrankou, ìlú kan nítòsí. Oko ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Awọnlẹ̀ ti wọ̀n ọ́n, ó ti gé e sí pàsẹ́ẹ̀lì, 20 mítà ní ìbú, 25 ní òró, bí wọ́n ṣe ń gé e káàkiri agbègbè yìí. Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà ń wá ẹni tí yóò bá òun gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Ó mú ọmọbìnrin kan tó ń dá ṣiṣẹ́ agbẹnusọ àti ìpolówó fún ara rẹ̀. Kò ní ọ́fíìsì, kò sì sí ọ̀gá lókè orí rẹ̀. Fóònù kan, kọ̀ǹpútà kan àti orúkọ rere ni gbogbo ẹrù iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Ègùn, Faransé rẹ̀ sì já gaara. Iṣẹ́ kan náà lèmi náà ń ṣe, mo sì ti wà nídìí rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Òun ló gbà kí n kọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà sílẹ̀, bí mo bá lè yọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ kúrò.

Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un kì í ṣe àjèjì. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni, Bàbá ló ń pè é láti kékeré. Nítorí bẹ́ẹ̀, kò sí ìwé àdéhùn. Bàbá jókòó lórí àga, ó sọ ohun tó fẹ́, ó sọ iye tí yóò san: 100 000 fàráǹ lóṣù, pẹ̀lú 25 000 lórí pàsẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni bá tipasẹ̀ ìpolówó náà rà. Ta ló máa bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ fọwọ́ síwèé? Wọ́n á ní ọmọ náà ti ya aláìgbọràn nítorí pé ó kàwé.

Ó ṣe àfíìṣì, ìyẹn ìwé ìpolówó, ní èdè Faransé. Mo ti wò ó: ibi tí ilẹ̀ wà, bó ṣe tó, iye owó, nọ́ńbà fóònù. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Àmọ́ àfíìṣì kọ́ ló tajà. Ohùn tó gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp, tí gbogbo wa ń pè ní fokáàlì, ló tà á. Ó ṣe ọ̀kan ní Yorùbá, ó ṣe ọ̀kan ní Ègùn. Àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ tó wà ní Èkó, ní Libreville àti ní Abidjan ni Bàbá ń wò, nítorí àwọn ló ń fi owó ilẹ̀ ránṣẹ́ sílé láìtíì débẹ̀ wò. Ẹni tí kò lè fojú rí ilẹ̀, etí ló fi ń rà á.

Nínú fokáàlì Yorùbá náà, ó kí wọn bí ọmọ ilé ti ń kíni, ó bá wọn ṣe àwàdà díẹ̀ lórí owó ilé tó ń gorí ara wọn ní ìdálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ pé: "Ilẹ̀ yìí kò ní wàhálà kankan, ìwé rẹ̀ pé pérépéré. Èmi fúnra mi ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ sì mọ ilé wa."

Bàbá ló fún un ní gbólóhùn àkọ́kọ́. Èkejì, òun ló fi kún un, ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì mọ ohun tó ń ṣe. Kò tíì rí ìwé kankan nígbà yẹn.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, Bàbá tún fún un ní nọ́ńbà fóònù tó lé ní 300, tó rí gbà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ kan. Àwọn tó ni nọ́ńbà kò mọ̀ sí i. Òfin tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, tó jáde ní 20 oṣù Kẹrin 2018, dáàbò bo nọ́ńbà àti ìsọfúnni èèyàn lọ́wọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àjọ kan tó ń jẹ́ APDP ló sì ń mójú tó o. Ọmọbìnrin náà kò lo àkójọ yẹn. Inú àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp tí òun fúnra rẹ̀ wà ló fi fokáàlì sí. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ẹnikẹ́ni kì bá tí mọ̀ ká ní ó lò ó, kò sì lò ó.

Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọkùnrin kan ní Libreville tó kọ̀wé sí i. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn: "Àbúrò, mo gbọ́ ohùn rẹ. O ní ìwé pé. Ìwé wo ni?"

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. Ní Benin, oríṣiríṣi ni ìwé ilẹ̀. Òfin ilẹ̀ tó jáde ní 14 oṣù Kẹjọ 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, gbé titre foncier sókè ju gbogbo rẹ̀ lọ: òun ni ìwé tó sọ pé ilẹ̀ ti di tẹni pátápátá. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn ìwé tó kàn ń jẹ́ ká rò pé ẹni báyìí ló ni ilẹ̀, títí ẹlòmíràn yóò fi dìde pé kò rí bẹ́ẹ̀. Attestation de détention coutumière wà lára wọn, ìyẹn ìwé tó jẹ́rìí pé ọwọ́ àwọn baba ńlá ni ilẹ̀ ti wá. Ìwé recasement wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n pín ilẹ̀ fún nígbà tí ìjọba bá tún agbègbè kan gé, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé owó orí ilẹ̀ ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ léra. Ìwé títà tí olùtà àti olùrà jọ fọwọ́ sí tún yàtọ̀. Ó ń fi hàn pé ẹnì kan ta ilẹ̀ fún ẹnì kan. Bóyá ẹni tó tà á ló ni ín, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹni tó bá ń tajà yìí mọ ìyàtọ̀ náà bí ẹní mowó. Ẹni tó wà ní Libreville lè má mọ̀ ọ́n. Ẹjọ́ ilẹ̀ sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa débi pé ní 2022, òfin dá ilé-ẹjọ́ àkànṣe sílẹ̀ fún un.

Ọmọbìnrin náà béèrè lọ́wọ́ Bàbá. Bàbá fi fọ́tò méjì ránṣẹ́: àwòrán tí awọnlẹ̀ yà, àti attestation de détention coutumière kan, ní orúkọ bàbá àgbàlagbà kan. Kò sí titre foncier, wọn kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn nìkan kò burú, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ló ń wà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Àmọ́ ọmọbìnrin náà gun zémidjan, ọ̀kadà tiwa, lọ sí Avrankou fúnra rẹ̀, ó ra ọsàn lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń pàtẹ ní ẹ̀bá ilẹ̀ náà, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ fún un láìfi bò pé ilẹ̀ ẹbí ni, pé baba ńlá tó ni ín ní ìyàwó méjì, pé àwọn ọmọ ìyá àgbà ló fọwọ́ sí títà, àwọn ọmọ ìyá kejì kò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan, inú wọn kò sì dùn.

Ìrìn àjò kékeré yẹn ló yẹ kó ṣáájú fokáàlì. Owó ọkọ̀ rẹ̀ kò ju oúnjẹ ọ̀sán lọ. Nínú iṣẹ́ tiwa, a máa ń rò pé bí a ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ wà, bẹ́ẹ̀ ìdajì iṣẹ́ ni kéèyàn béèrè ìwé kó tó la ẹnu. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá ní agbẹjọ́rò tí yóò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ kó tó jáde, ó sì ní ọ̀gá tí yóò gba ẹ̀bi. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ni agbẹjọ́rò ara rẹ̀, òun náà ni ọ̀gá.

Ó padà sọ́dọ̀ Bàbá. Mo ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ bó ṣe rò ó fún mi.

"Bàbá, ẹ ò sọ fún mi pé àwọn ọmọ ìyá kejì kò tíì fọwọ́ sí i."

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn. À ń tún un ṣe. Ìwọ ṣáà máa ṣe tìrẹ."

"Mo ti sọ fáyé pé ìwé pé."

"Yóò pé."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Bàbá tún fi ohun méjì lé e. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń jíṣẹ́ fún un ní ọ́fíìsì gba ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé àwọn ti rà, àwọn sì ti ń kọ́lé. Ó tún fẹ́ kó mú 10 000 fàráǹ nínú àpòòwé lọ fún ẹni tó ń ṣe ètò Yorùbá lórí rédíò kan, kí ó lè pè é síbi ètò bí àlejò lásán, kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì ti ibẹ̀ yọ wá wẹ́rẹ́. Nígbà yẹn, èèyàn mẹ́ta ti san owó ìdúró, ẹni Libreville wà lára wọn, méjì nínú wọn sì ti san ju ìdajì. Òun náà ti gba 50 000 lórí àwọn méjì yẹn.

Ìgbà yẹn ló pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ti ẹ̀rí èké kò gba ìrònú. Kó má ṣe é, ó parí. Bí ẹni tí kò rà bá sọ pé òun rà, kì í ṣe ìpolówó mọ́, jìbìtì ni. Ti rédíò fẹ́ kéèyàn fara balẹ̀ díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wa ló ń da méjì pọ̀. Gbogbo rédíò wa ló ń gba owó kọ̀míníkè, ìyẹn ìkéde tí èèyàn ń sanwó fún. Òkú tó kú, ewúrẹ́ tó sọnù, ìpàdé ẹgbẹ́, wọ́n ń kà á, wọ́n ń gba owó rẹ̀, wọ́n ń já rìsíìtì, ẹni tó sì ń gbọ́ mọ̀ pé kọ̀míníkè lòun ń gbọ́. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, mo ní kó lọ ra àyè bẹ́ẹ̀ bí Bàbá bá fẹ́. Àpòòwé yàtọ̀. Ó ń sọ ìpolówó di ìfọ̀rọ̀wérọ̀, ẹni tó ń gbọ́ ni wọ́n sì ń tàn. Àkọsílẹ̀ ojúṣe akọ̀ròyìn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Munich ní 1971 ti kìlọ̀ fún akọ̀ròyìn pé kó má da iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti olùpolówó. Ní tiwa, ìlànà IPRA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, sọ ọ́ láti apá kejì: kí a má fún oníròyìn ní owó tàbí nǹkan mìíràn láti fà á mọ́ra. Wọ́n á ní owó ọkọ̀ ni. Owó ọkọ̀ wo ló ń ná ẹni tó jókòó sínú ilé iṣẹ́ rédíò tirẹ̀?

Ìlànà IPRA yẹn, Athens ni ọ̀kan lára àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti jáde ní 1965. Ní 2011 wọ́n kó wọn pọ̀ di ẹyọ kan. Ohun tó wúlò jù fún ọ̀rọ̀ yìí nínú rẹ̀ ni pé kí a sa gbogbo ipá wa kí ohun tí à ń sọ lè jẹ́ òótọ́, kí a ṣọ́ra kí a má baà ṣi èèyàn lọ́nà bí a kò tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀, bó bá sì ṣẹlẹ̀, kí a tún un ṣe kíákíá. Àmọ́ ọmọ ẹgbẹ́ ni ìlànà ẹgbẹ́ ń dè, ọmọbìnrin yìí kò sì sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Akọ̀ròyìn tó bá ṣìwà hù, wọ́n lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ODEM, ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìwà akọ̀ròyìn, tí àwọn oníròyìn dá sílẹ̀ ní 1999; HAAC, àjọ orílẹ̀-èdè tó ń mójú tó iṣẹ́ ìròyìn, náà sì lè pè é. Ta ni yóò pe ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá rẹ̀ ní Tokpota? Àwọn tó gbọ́ "ẹ mọ ilé wa" ni. Wọ́n mọ ilé náà lóòótọ́.

Ó kọ lẹ́tà sí Bàbá, mo bá a kà á. Kò bú u, kò sì fẹ̀sùn kàn án. Ó ní òun kò ní sọ mọ́ pé ìwé pé, òun kò ní gba ohùn ẹni tí kò rà, òun kò ní gbé àpòòwé. Ó fi ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè rọ́pò ti àkọ́kọ́ sí ìsàlẹ̀: ilẹ̀ yìí jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ó ní attestation de détention coutumière, kò tíì ní titre foncier, ẹbí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ìfọwọ́sí, a kò sì ní gba ju owó ìdúró díẹ̀ lọ títí wọn yóò fi parí. Mo ṣì gbà pé ọ̀rọ̀ yẹn ìbá tajà. Ó lè má yá bíi ti àkọ́kọ́, àmọ́ àwọn tó ń ra ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa kì í ṣe ọmọdé, wọ́n mọ ohun tí ilẹ̀ ẹbí jẹ́. Bàbá kò dáhùn. Ìyá rẹ̀ ló pè é lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń sunkún.

Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ibi tó ti le wá wà níwájú: àwọn mẹ́ta tó ti sanwó ńkọ́?

Èrò kan wà láàárín àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí pé ohun tí oníbàárà bá sọ fún ọ, inú rẹ ni kó gbé, kódà lẹ́yìn tí ẹ ti túká. Mo fara mọ́ ọn. Fọ́tò ìwé tí Bàbá fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ inú ọ́fíìsì rẹ̀, iye tó ń jẹ lórí pàsẹ́ẹ̀lì, kò tọ́ kó tú u síta. Ṣùgbọ́n "ìwé rẹ̀ pé pérépéré" kì í ṣe àṣírí Bàbá. Ẹnu tirẹ̀ ló ti jáde, ní gbangba, òun ló sì ni ín láti kó o padà. Kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni kó tó ṣe é. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan kò gbà. Wọ́n ní kíkó o padà nìkan ti tú àṣírí, torí gbogbo ayé á mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ tí kò dá a lójú gba owó lọ́wọ́ èèyàn kò lè fi àṣírí ṣe agboòrùn.

Ti àwọn ọmọ ìyá kejì ni mo dá a dúró lé lórí. Ó fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Ohun tó gbọ́ kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ Bàbá, kò sì sí ẹni tó fi í ṣe àṣírí, gbogbo ẹ̀bá ọ̀nà ló mọ̀ ọ́n. Èmi ní kó má sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹbí ẹlòmíràn ni, ẹnu ọlọ́sàn ló ti gbọ́ ọ, kò rí ìwé tó fi í hàn. Kó sọ ìbéèrè tó yẹ kí olùrà béèrè, ìdáhùn yóò jáde fúnra rẹ̀. Ìdí mìíràn wà tí mo fi ní kó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ níba. Ní oṣù Kejìlá 2019, ilé-ẹjọ́ rán akọ̀ròyìn Ignace Sossou lẹ́wọ̀n lórí ohun tó kọ sórí ìkànnì nípa ọ̀rọ̀ tí olùpẹ̀jọ́ ìjọba sọ níbi ìpàdé kan, Code du numérique kan náà ni wọ́n sì gùn lé. Ẹni tó ti wà nídìí iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ní Benin láti ìgbà yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń wọn gbólóhùn wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ó tún fi fokáàlì ṣe àtúnṣe náà. Ó tọ̀nà, torí ẹni tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ nínú fóònù ọmọ rẹ̀ lè má mọ̀wé kà. Ó ní: "Mo sọ fún yín pé ìwé ilẹ̀ ọ̀nà Avrankou pé. Mi ò tíì rí ìwé náà nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Mi ò sí nídìí iṣẹ́ náà mọ́. Ẹni tó bá ti sanwó tàbí tó fẹ́ san, kó béèrè irú ìwé tó wà, kó béèrè bóyá gbogbo ẹ̀ka ẹbí ló fọwọ́ sí i, kó sì lọ wádìí ní ọ́fíìsì ANDF, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀." Kò dárúkọ Bàbá, kò dárúkọ ilé iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló pe àwọn mẹ́ta náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ìbá ti pè wọ́n ṣáájú, kí wọ́n má baà gbọ́ ọ pa pọ̀ mọ́ ará ọjà. A ṣì ń jiyàn lórí ìyẹn.

Ẹni Libreville béèrè owó rẹ̀, ó rí i gbà lẹ́yìn ariwo púpọ̀. Ẹnì kejì dákẹ́. Ẹnì kẹta rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ ẹbí náà láti ọjọ́ pípẹ́, òun mọ ìjà wọn, torí ìjà náà lówó fi dín, ó sì san èyí tó kù.

Owó 50 000 náà di ẹ̀fẹ̀. Mo ti sọ fún un pé kò yẹ kó gba irú owó bẹ́ẹ̀ rárá. Alágbàtà ilẹ̀, tí à ń pè ní démarcheur, ló ń jẹun lórí títà, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi etí kan gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bí agbẹnusọ tó tún ń jẹ lórí pàsẹ́ẹ̀lì, àwọn tó ń gbọ́ kò mọ irú etí tí wọn yóò fi gbọ́ ọ. Ó fi owó náà ránṣẹ́ padà sí Bàbá lórí MoMo. Bàbá dá a padà. Ó tún fi ránṣẹ́. Bàbá tún dá a padà, ó fi kún un pé kó fi ra ọṣẹ. Nígbẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ gba owó náà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, kò sì tíì sọ ohun tó fi ṣe.

Fokáàlì àkọ́kọ́ ṣì ń rìn. Bàbá ti gba ẹlòmíràn síṣẹ́, ẹni yẹn sì ń fi ohùn tó ti wà nílẹ̀ ṣiṣẹ́, pé òun kò rí ìdí tí a fi ní gba òmíràn. Nígbà tí ọmọbìnrin náà ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, Bàbá ní òun ti sanwó rẹ̀. Kò sí ìwé tó lè là wọ́n. Ó ń fi àtúnṣe lé e níbikíbi tó bá ti rí i, ṣùgbọ́n kì í rí gbogbo rẹ̀.

Ojú ewé kan ni ìwé àdéhùn tó ń lò báyìí. Ó ní kí oníbàárà fi ìwé tó ti ohun tó fẹ́ sọ lẹ́yìn hàn án kó tó sọ ọ́. Ó tún ní bí òun bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ohùn òun náà fi í sílẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ lò ó mọ́. Oníbàárà méjì ti dá a padà fún un láìfọwọ́ sí i. Ẹnì kan tó ń ta ẹ̀rọ sólà ní Wàǹdó fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, kò tilẹ̀ kà á.